Apá Òsì Méjì fún Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹfà

Ọkọ̀ bàbá wa fìdí rẹmi lónìí níbi àyẹ̀wò. Ọkùnrin ibẹ̀ ká rọ́bà ẹsẹ̀ sókè, ó mú ṣikurudíráfà, ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, irin náà sì gbà á wọlé bíi búrẹ́dì tó ti mu tíì. Kò tilẹ̀ tì í. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, bákan náà ni. Mo tẹjú mọ́ ihò náà, mo rí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, mo rí ọmọrí ìgò kan tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Ká ní ó bú mi ni, mo mọ èsì tí ǹ bá fún un. Àánú ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ yìí ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi." Ó kọ ìwé fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje bá kọjá tí mi ò tíì gbé e padà wá pẹ̀lú ilẹ̀ tó le, wọ́n á yọ nọ́ńbà rẹ̀, kò sì ní rìn lójú títì mọ́.

Kì í ṣe ọkọ̀ ló ká mi lára jù. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Láti ìgbà tó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́dún tó kọjá tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un, orúnkún rẹ̀ kan ò ṣeé ká. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lè wọ̀ láìjẹ́ pé à ń gbé e bí àpò sìmẹ́ǹtì ni ọkọ̀ bàbá wa yìí, torí àga iwájú rẹ̀ gùn bíi bẹ́ǹṣì, àyè sì wà níwájú àga náà téèyàn lè na ẹsẹ̀ sí gbọọrọ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń fi gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń bá a ká orúnkún. Oṣù tó kọjá ni orúnkún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Nọ́ọ̀sì ò sì fi bò fún wa: tí a bá dáwọ́ dúró tó pẹ́, á gan bẹ́ẹ̀ títí ayé.

Aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n lẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ. Mi ò mọ ẹni tó ń lẹ ilẹ̀ ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6

Takisí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìdágbére. Èkejì ní ká san owó èèyàn méjì, torí ẹsẹ̀ náà gba àga tiẹ̀. Ẹ̀kẹta gbà, a gbé ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́, ó na ẹsẹ̀ sórí àga, awakọ̀ sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ké. Ó kàn ní ká gbé òun sọ̀ kalẹ̀, ilé ìwòsàn ò sá lọ. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọkọ mi pe ẹni tó ń ra irin àlòkù wá. Ó ní òun ò fipá mú mi, kí n kàn gbọ́ iye tó máa san. Ọkùnrin náà dé, ó yí ọkọ̀ po, ó fi bàtà ta táyà rẹ̀. Iye tó dá kò tó owó òwú tí mò ń lò lọ́dún kan. Mo sọ fún un pé kó fi táyà sílẹ̀, kò ṣẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ló máa ń pe ọkọ̀ náà, ó ní òun ti mọ̀ pé wọn ò ní gbé Ìyá Àgbà kúrò nílé yìí lójú ayé òun.

Bí ọkùnrin náà ṣe lọ báyìí, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó bá mi tú àga. Ìpẹtà tí a gbá jáde kún garawa méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Wẹ́dà mẹ́ta lónìí. Wẹ́dà àkọ́kọ́ ní ká ra ilẹ̀ tuntun láti òkè òkun. Mo ṣírò ohun tó dá lówó, ó jẹ́ owó ìrán kaba ọgọ́ta. Wẹ́dà kejì ní òun á tẹ́ irin lé ìpẹtà lórí, òun á fi ọ̀dà dúdú bò ó, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti parí. Mo mọ irú wọn nínú iṣẹ́ tèmi náà, àwọn tó ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú ìrán tó wọ́, tí oníbàárà á gbé e délé tán kó tó rí i.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Má-kánjú, torí pé kò ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fi òòlù kan ibí, ó ń fi kan ọ̀hún, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí irin ti ń dáhùn dáadáa. Ó pẹ́ débi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ wò bóyá ó ti sùn. Nígbà tó jáde, ó ní, "Egungun rẹ̀ le. Awọ nìkan ni ìpẹtà jẹ." Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Owó rẹ̀ náà pọ̀ ju agbára mi lọ. Ṣùgbọ́n ó rí ṣòkòtò iṣẹ́ kan lórí ẹ̀rọ mi, ó fa ojú ìrán rẹ̀, ó tún fà á, kò já. Ó ní ó ti tó ọdún kan tí òun ti ń wá ẹni tó lè rán aṣọ iṣẹ́ tí kò ní ya ní abẹ́ apá fáwọn èèyàn òun. Àdéhùn wa nìyí: mo máa rán mẹ́jọ fún un, mo máa ra irin fúnra mi, mo máa ya pátánì rẹ̀, mo sì máa gé e, kó lè jẹ́ pé jíjó rẹ̀ pọ̀ nìkan ló kù fún un. Ó ní, "Ìyá Télọ̀, irin kì í ṣe aṣọ o." Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Òjò. Látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọjọ́rú, 12

Má-kánjú kò tíì gé ohunkóhun. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀pá irin dábùú ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì, kí ọkọ̀ má baà ká sínú tí ilẹ̀ bá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ jó ọ̀pá náà mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká táàkì ẹ̀ ná." Ẹ̀rín pa mí. Ó bi mí léèrè ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo mú kaba kan tí mo ti fi òwú funfun tò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kí n tó fi ẹ̀rọ rán an, mo ní táàkì làwa náà ń pe èyí. Ó wò ó pẹ́, ó tú ẹsẹ̀ òwú kan, ó rí bó ṣe jáde wẹ́rẹ́. Ó ní, "Á jẹ́ pé ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa." Láti ìgbà náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ọjọ́bọ̀ kejì tí a pàdánù nìyí. Nọ́ọ̀sì fi fóònù kọ́ mi bí mo ṣe máa di ẹsẹ̀ náà mú. Mo gbìyànjú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ mi dà bí ọwọ́ ẹni tó ń fa bọ́tìnì já, kí n lọ jókòó sídìí irin mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Wọ́n ti gé e. Má-kánjú ń gé títí ó fi dé ibi tí irin ti funfun tó sì mọ́, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ náà ò nílẹ̀ mọ́. Ọkọ mi wọ inú rẹ̀, ó dúró lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ìtọ́kọ̀ mú, ó ń fẹsẹ̀ rìn síwájú. Ó ní epo ò ní wọ́n òun mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Lọ́sàn-án mo dojú bolẹ̀, mo fi bébà ìgéṣọ mi ya pátánì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ẹ̀gbẹ́ inú ní láti ká sókè kó lè fara ti iké tó wà láàárín ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìta á ká wálẹ̀ létí ilẹ̀kùn. Mo fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ yí i ká fún àyè ìrán. Má-kánjú gbé e wò lójú ihò, ó ní ó bá a mu.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo ra irin. Owó ìrán kaba méjìlá ló gbà. Ó dán lójú kan, ó ṣú lójú kejì. Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ kalẹ̀ kí ojú tó dán wà lókè, mo fi pátánì lé e, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Mo sún pátánì síwájú, mo ya ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo gé méjèèjì. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ká irin. Ọkùnrin náà wo méjèèjì, ó béèrè bóyá ọ̀kan ò yẹ kó yí padà kí òun tó ká a. Mo ní ojú tó dán ló gbọ́dọ̀ wà lókè, ta ló ń rán aṣọ lódì? Mo tún fi kún un pé mo ti ń gé apá aṣọ kí wọ́n tó bí i. Ó ká a bí mo ṣe wí. Ó dán, ó sì gún. Mo gbé e bọ̀ wálé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ọjọ́rú, 19

Ojú tì mí débi pé mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ jókòó wọ̀ọ̀. Má-kánjú gbé èkejì, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé e kúrò, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Etí tó yẹ kó fara ti iké wà lápá ilẹ̀kùn. Tó bá dojú rẹ̀ dé, etí náà á máa wo ilẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìyá Télọ̀, òsì lèyí náà."

Mo jókòó sórí táyà. Apá òsì méjì. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gé apá òsì méjì nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ń ṣe ni mo máa ń fi apá náà kọ́ sára ògiri fún oṣù kan kí gbogbo oníbàárà lè rí i. Èmi tí mo mọ̀ pé wọ́n máa ń yí pátánì dé fún apá kejì, mo jẹ́ kí irin dídán gbà mí lọ́kàn, mo sì pa ẹnu ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ dé. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Kò sí owó irin mìíràn. Má-kánjú ní tí òun bá lù ú padà, ojú ibi tó ti ká á ya. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí n má kánjú.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi gbé oúnjẹ wá, mo ní kó gbé e kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó tiro wá sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó jókòó tì mí. Mo sọ fún un pé kó má bínú, mo ti ba ọkọ̀ jẹ́, mo sì ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn.

Ó ní, "Àbúrò, mo ti mọ̀ nípa ihò yẹn láti ọdún tó kọjá."

Mo ní ihò wo.

Ó ní, "Ti ẹ̀gbẹ́ mi. Tí rọ́bà bá ti sún, mò ń rí ojú títì níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi tó dáa, mi ò jẹ́ kó kanlẹ̀ rí, orí àpò mi ni mo máa ń gbé e lé títí a ó fi dé. Mi ò sọ, torí mo mọ̀ pé tí mo bá sọ, ẹ máa ta ọkọ̀. Èmi náà á wá di ẹrù yín."

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ wọ̀nyẹn, tí mo rò pé orúnkún ló ń dùn ún tó fi ń le bẹ́ẹ̀, tí kì í dá mi lóhùn, ẹ̀rù ló ń bà á. Inú bí mi sí i, mo sì sọ ọ́ jáde. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń bẹ̀rù pé ẹ máa di ẹrù, ẹ wá gbà kí n máa gbé yín gun ojú ihò." Ó ní kí n má pariwo mọ́ òun, òun ṣì jù mí lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà bẹ̀rẹ̀. A jẹ oúnjẹ náà nínú abọ́ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo fẹ́ kọ́ kaba tó ti parí sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fa ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́ mi. Mo fi ìka kàn án. Mo pe Má-kánjú. Ó wọ̀n ọ́n, ó fi ègé irin tí a gé kúrò wé e, ó ní ó tó, díẹ̀ ló fi fẹ́lẹ́ sí i. Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Mo ti ń tú ìdè ilẹ̀kùn kó tó béèrè tán.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo yí pátánì dé. Mo kọ "Ẹ̀GBỌ́N" sí i gàdàgbà. A gbé e padà sọ́dọ̀ ọkùnrin ẹlẹ́rọ, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, Màmá, òun náà ti ká ojú fèrèsé kan lódì rí. Ó ká tèmi láìgbowó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ó jókòó wọ̀ọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó wọ̀ bí apá aṣọ tó bá èjìká mu.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Wọ́n ń jó o pọ̀. Má-kánjú kọ́kọ́ yọ páìpù epo tó gba abẹ́ ilẹ̀ kúrò pátápátá, ó gbé garawa iyanrìn sí tòsí. Kì í jó o lọ tààrà. Á fi iná kan ibí, á fò lọ sí òdìkejì, á padà, kí ooru má baà wọ́ irin náà. Èmi náà, èjìká ni mo ti máa ń kọ́kọ́ fi pín-ìnnì di apá aṣọ kí n tó kan abẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe ń wò ó.

Iná ran fóòmù kékeré kan lẹ́yìn àga. Ọkọ mi fi àpò tútù pa á. Ó ti ń ròyìn rẹ̀ fún àdúgbò bíi pé ilé mẹ́wàá ló gbà sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù keje

Ọjọ́bọ̀ karùn-ún. Nọ́ọ̀sì pè, ohùn rẹ̀ ò dùn. Ó ní tó bá fi lè kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí a má retí ohun tí òun ò lè ṣe. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Àfàìmọ̀ kó má gbọ́, ilé wa ò ní ògiri tó nípọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

A kun ọ̀dà pupa lókè nísàlẹ̀, a fi gọ́ọ̀mù dúdú dí gbogbo ojú ìrán. Mo da garawa omi kan sínú ọkọ̀, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, mo lọ ránṣọ. Nígbà tí mo padà, igun kan tutù. Má-kánjú dí i. Mo tún da omi. Ìwé ìròyìn gbẹ, mo sì ka gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Mo kó aṣọ iṣẹ́ mẹ́jọ fún Má-kánjú. Ó wọ tiẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ̀ ẹ́, ó fi gbogbo agbára na apá. Kò ya. Ó wo apá méjèèjì láti orí dé ìsàlẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀tún wà níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n fi sísọ́ọ̀sì lé e.

Ọjọ́ Ajé, 15

Ọ̀la ló kù. Òjò ò jẹ́ ká jáde lọ́jọ́ Ẹtì, títún bírékì ṣe sì gba gbogbo òní. Tí ọkùnrin yẹn bá fi rí ohun mìíràn, kò sí ọjọ́ tó kù tí a lè fi tún un ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Ọkùnrin kan náà ni. Ó dá ọkọ̀ mọ̀ kó tó dá mi mọ̀. Ó mú ṣikurudíráfà, ó ká rọ́bà, ó fi gún ilẹ̀. Irin náà dáhùn. Ó gún un níbòmíràn, ó fi agbára sí i. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo di báàgì mi mú. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde, ó mú ìwé, ó ní òun ní láti kọ orúkọ ẹni tó ṣe é.

Mo ní, "Wẹ́dà àti télọ̀ ni."

Ó rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ ni, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e. Mi ò tún un ṣe. Mo wa ọkọ̀ jáde ní gééètì wọn, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo pa á, mo sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà mo lọ ra ẹran.

Ọjọ́bọ̀, 18

Nọ́ọ̀sì bínú sí wa fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ó di orúnkún náà mú. Ó ká. Kò tó ibi tó dé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ká, kò tíì gan. Nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ oṣù méjì la máa ṣe láti padà síbi tí a ti wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní oṣù méjì kì í ṣe nǹkan kan, òun ti rí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó ti pọ̀ dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, kò dá mi lóhùn. Mo rò pé ẹ̀rù ọjọ́sí tún ti ń bà á. Mo yíjú wò ó. Àpò rẹ̀ wà lórí àga, ẹsẹ̀ kan nà gbọọrọ, èkejì tẹ́ pẹlẹbẹ lórí ilẹ̀ ọkọ̀. Ó ti sùn, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

Mo dé ojú ilé wa. Ọkọ mi ti ṣí gééètì sílẹ̀, ó ń juwọ́. Mo mi orí fún un, mo wo epo, ó ṣì pọ̀. Mo kọjá, kí oorun má baà dá lójú ẹ̀gbọ́n mi.